Òtútù Texas àti Ìmọ̀ràn Ará Ìbàdàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò níwájú ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sì ní pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, nítorí pé mo mọ̀ dájú pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù líle kan bo apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀, mo jókòó sínú ilé mi ní Ìbàdàn, mo sì fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní ìlú Houston ní ìmọ̀ràn. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ó pa ọmọ ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi yìí jẹ́ sí mi. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jù mí lọ. Àwọn ni wọ́n máa ń pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa bá lọ sọ́jà, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ẹfun kọ lẹ́tà sára ògiri fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ti ń pè mí ní "Dókítà", ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un, bí ẹni pé wọn kò tíì gbàgbé pé ẹ̀yìn àwọn ni Dókítà yìí máa ń tọ̀ sí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbé Houston. Ọkọ wọn ti di olóògbé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn tó jìnnà réré. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi yan Houston láàárín gbogbo ìlú Amẹ́ríkà, èsì wọn kì í yí padà: "Ooru ibẹ̀ jọ ti Èkó." Òtítọ́ sì ni. Houston kò jìnnà sí etí òkun. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ni ooru, ẹ̀fọn, ìjì àti àgbàrá, irú èyí tí ìjì Harvey mú wá ní ọdún 2017. Ooru náà ni àwọn tó kọ́ ilé ibẹ̀, tí wọ́n ri páìpù omi, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná kalẹ̀, fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tí mò ń wí yìí, afẹ́fẹ́ tútù tó yẹ kí ó jókòó sí òkè àríwá pátápátá, níbi tí yìnyín kì í ti í tán, ya wá sí gúúsù. Kì í ṣe Texas nìkan ni ó dà láàmú. Ní ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, yìnyín wó igi àti òpó iná lulẹ̀. Ní Oklahoma City, òtútù lọ sí ìwọ̀n 26 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Jackson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, páìpù omi bẹ́ káàkiri, ọ̀pọ̀ ará ìlú náà sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí omi tó ṣeé mu. Bíi 150 mílíọ̀nù ènìyàn ni ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ kàn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà.

Ní Texas, àmì ti hàn ṣáájú. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù náà, ọkọ̀ 133 kọlu ara wọn lórí títì tí yìnyín ti sọ di ọ̀bọ̀rọ́ ní ìlú Fort Worth. Ènìyàn mẹ́fà ló kú. Ní ọjọ́ kejì, Gómìnà Greg Abbott kéde ipò àjálù ní gbogbo káúńtì 254 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14, Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ìkéde pàjáwìrì, kí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀ràn àjálù, lè kó ẹ̀rọ amúnáwá, omi àti kúbùsù ránṣẹ́. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ wọ̀nyí kò lè sọ pé ìjọba sùn. Wọ́n ti rí ìkùukùu kí òjò tó rọ̀. Ṣùgbọ́n rírí ìkùukùu yàtọ̀ sí níní òrùlé tí kò jò.

Òrùlé tó jò ni ti iná mànàmáná. ERCOT ni orúkọ àjọ tó ń ṣe àkóso iná fún apá tó pọ̀ jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Texas kò so wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù dáadáa, nítorí pé kò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ máa pàṣẹ lé e lórí nínú ọ̀ràn iná. Nígbà tí àwọn kànga gáàsì àti páìpù wọn dì, tí ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì, èédú, afẹ́fẹ́ àti agbára átọ́míìkì pèsè iná ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n lè rí yá lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ní òru Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15, kí aago méjì tó lù, ERCOT pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá àjọ náà wá sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 ló kù kí gbogbo iná ìpínlẹ̀ náà dákú pátápátá, àti pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó jí. Èrò wọn ni pé wọn yóò máa pín òkùnkùn náà kiri, kí adúgbò yìí gbà nínú rẹ̀, kí tọ̀hún sì gbà. Òkùnkùn kọ̀, kò ṣeé pín. Ibi tí iná ti lọ, kò tètè padà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta níbòmíràn. Ilé àti ilé iṣẹ́ tí ọ̀ràn náà kàn lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Aago kan ọ̀sán ti lù ní Ìbàdàn ní Ọjọ́ Ajé náà nígbà tí fóònù mi dún. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Houston.

"Dókítà, wọ́n ti mú iná lọ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ sílé," ni mo fi dá wọn lóhùn, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wa. Láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kò ti sí iná ní ilé tèmi náà, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń mú mi bí ẹni pé mo jókòó ti ààrò. Ìjọba ti pa orúkọ NEPA rẹ́ láti ọdún 2005, wọ́n sì ti pín ogún rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, bí iná bá dé lójijì, orúkọ NEPA náà ni àwọn ọmọdé fi ń pariwo ayọ̀. Ta ni ó tó kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìmọ̀ òkùnkùn bí kò ṣe àwa? Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ní ohun kan tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà kò ní. Inú mi dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn.

Mo ní kí wọ́n pọn omi sínú gbogbo korobá àti ọpọ́n ìwẹ̀ kí omi tó lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára, nítorí pé omi lọ lóòótọ́ ní ọjọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ara wọn sí yàrá kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù nínú ilé, kí wọ́n sì fi kúbùsù àti aṣọ dí ojú fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ tútù má bàa ráyè wọlé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa fóònù wọn, kí wọ́n máa tàn án lẹ́ẹ̀mejì péré lóòjọ́ láti bá mi sọ̀rọ̀, kí agbára rẹ̀ má bàa tán. Èyí náà ni wọ́n ṣe. Ẹ kíyè sí ìmọ̀ràn mẹ́ta yìí, nítorí pé mo ń bọ̀ wá sórí wọn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà. Òtútù ti lọ sí ìwọ̀n mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ òdo ní Houston, ìlú tí wọ́n ní ó jọ Èkó. Eyín wọn ń gbá ara wọn. Gbogbo ohun tó ń mú ilé wọn gbóná àti èyí tí wọ́n fi ń dáná, iná mànàmáná ni ó ń lò. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn ní mọ́ àyàfi ààrò onírin kékeré kan tí wọ́n fi ń yan ẹran ní àgbàlá, àti àpò èédú kan tó ṣẹ́kù láti ìgbà ọjọ́ ìbí.

"Dókítà, ṣé mo lè gbé e wọlé?"

Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí ìyá àgbà wa ní Ìsẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, bí òtútù òwúrọ̀ bá ń gún wa lára bí abẹ́rẹ́, ìyá àgbà a máa kó ẹyin iná sínú àpáàdì, wọn a gbé e wọ yàrá, àwa ọmọdé a sì yí i ká. Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú agbo ilé, ẹyin iná kì í kúrò ní yàrá rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú nínú wa. Mo rán ẹ̀gbọ́n mi létí, àwọn náà sì rántí. Mo ní kí wọ́n dá èédú náà níta títí tí yóò fi pọ́n dáadáa, tí kò ní rú èéfín mọ́, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Mo rò pé mo ti ṣọ́ra. Èéfín ni àwa mọ̀ ní ọ̀tá, mo sì ti lé èéfín jáde.

"O ṣeun, àbúrò mi," ni wọ́n wí. Wọn kò pè mí ní Dókítà.

Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò pè mí ní aago mẹ́wàá alẹ́ Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá lù, n kò gbọ́ nǹkan kan. Aago mọ́kànlá lù. Mo pè wọ́n, fóònù wọn wà ní pípa, gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ti pàṣẹ. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Òun náà ti ń pè láti àárọ̀. Ní òru náà ni mo tan jẹnẹrétọ̀, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn Houston. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí àwọn dókítà àti àwọn panápaná ìlú náà ń ké tantan nípa rẹ̀: ẹ má ṣe dá èédú nínú ilé, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé ọkọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ilé, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọlé. Wọ́n ní odindi ìdílé ni wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn. Mo ka gbólóhùn náà tán, mo tún un kà. Ọwọ́ mi tutù nínú ooru Ìbàdàn.

N kò ní ṣàpèjúwe òru yẹn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú ti lọ jìnnà nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí ni. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbọ́, ó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ni. Wọ́n ròyìn bí ó ti rí fún mi díẹ̀díẹ̀, nígbà náà àti lẹ́yìn náà.

Bàbá arúgbó kan ń gbé ilé tó kángun sí tiwọn, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń gbé ara wọn nítòsí. Wọ́n máa ń ju ọwọ́ síra wọn bí wọ́n bá pàdé níwájú ilé; kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá náà kò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọ́ èdè Sípáníìṣì rárá. Rédíò kékeré kan tó ń lo bátìrì ni bàbá náà fi ń gbọ́ ìròyìn ní èdè ara rẹ̀, ìkìlọ̀ nípa èédú sì ti jáde lórí rédíò náà. Ojú fèrèsé ni bàbá náà dúró sí tó fi rí obìnrin adúláwọ̀ tó ń gbé nítòsí rẹ̀, tó fi ìró bo orí súẹ́tà, tó ń fi ìnira gbé ààrò tí iná rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Kò mọ orúkọ wọn. Ó sá jáde, ó ń yọ̀ lórí yìnyín, ó sì gbá ilẹ̀kùn títí. Nígbà tí wọn kò tètè ṣí i, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó ti ààrò náà, ilẹ̀kùn yàrá ti dé, fèrèsé ti dí. Wọ́n ní orí ti ń fọ́ wọn, oorun sì ń kùn wọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn ti móoru, wọ́n sì rò pé ìsinmi ló ń dé. Bàbá náà kò ṣàlàyé. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì di ọwọ́ ààrò mú, ó gbé e jáde tòun ti iná, ó dà á sórí yìnyín, ó padà wá fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ dìde, ó sì mú wọn lọ sílé tirẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú pálọ̀ kan níbẹ̀, wọ́n yí ibi ìdáná ara ògiri ká, irú èyí tó ní ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde lókè òrùlé. Pákó ọgbà ilé wọn ni wọ́n ń fi dáná. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi sùn. Wọ́n gbàgbé fóònù wọn sílé nínú rògbòdìyàn náà, àwọn méjèèjì kò sì rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ títí tí ọmọ-ọmọ bàbá náà fi dé ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rù kúrò lára mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ohun tó fà á tí ìmọ̀ tó gbé wa ró ní Ìsẹ́yìn fi fẹ́ di ikú ní Houston. Ohun tó ń pani nínú èédú kì í ṣe èéfín. Afẹ́fẹ́ olóró tí àwọn oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ń pè ní carbon monoxide ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì ń pa lọ lè rò pé oorun lásán ni. Èédú tó pọ́n tí kò rú èéfín ń tú u jáde dáadáa. Ó wà nínú àpáàdì ìyá àgbà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilé ìyá àgbà jẹ́ ilé tó ń mí. Àlàfo wà láàárín orí ògiri amọ̀ àti òrùlé. Ilẹ̀kùn pákó kò bá férémù rẹ̀ dọ́gba. Adìẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Houston kì í mí. Wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù tí ẹ̀rọ ń fẹ́ nígbà ooru má bàa ṣòfò, èmi sì tún ní kí wọ́n fi kúbùsù dí èyí tó kù. Ìkìlọ̀ tí ìbá dé orí fóònù wọn, èmi ni mo ní kí wọ́n pa fóònù. Bí a bá mú àwọn ìmọ̀ràn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí ará Ìbàdàn kan yóò bu ẹnu àtẹ́ lù. Nígbà tí wọ́n pàdé nínú yàrá kan ṣoṣo, wọ́n di pàkúté.

Mo lè fi òwe gba ara mi sílẹ̀. Mo lè sọ pé a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iyán gún ní láti kọ́kọ́ béèrè irú iṣu tó wà nínú odó. Èmi kò béèrè. Mo mọ òkùnkùn, n kò mọ ilé tí òkùnkùn náà bá wọn nínú rẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó lé ní 1,400 ènìyàn tó gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní Texas nítorí afẹ́fẹ́ olóró náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ènìyàn 246 tí ìjì yìnyín náà pa. Ó lé ní ìdajì wọn tí òtútù pa tààrà, àwọn mìíràn sì bá afẹ́fẹ́ olóró lọ. Òfin gbogbogbòò ìpínlẹ̀ náà kò pọn ọ́n dandan nígbà náà pé kí ilé gbígbé ní aago tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti iná mànàmáná náà kì í ṣe ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2011, òtútù ti mú iná lọ ní Texas, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ sì kọ ìwé pé kí wọ́n wọ aṣọ òtútù fún àwọn ẹ̀rọ wọn. Ìlú El Paso, tí wáyà tirẹ̀ so mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn, tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn 2011. Ní 2021, iná kò lọ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ní ọdún mẹ́wàá gbáko láti kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí a ti sin òkú, ni Gómìnà tó buwọ́ lu òfin tó sọ ọ́ di dandan.

Bí mo bá sọ èyí, mo gbọ́dọ̀ sọ èkejì. Ní Houston kan náà, oníṣòwò àga kan, Jim McIngvale, ṣí ilé ìtajà rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tí òtútù ń pa lè wá sùn lórí àga àti ibùsùn títà. Nígbà tí iná lọ lórí fíríìsà tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà sí, ó lé ní 8,000 abẹ́rẹ́ tí ì bá bàjẹ́; láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera káúńtì pín wọn kiri ilé ìwòsàn, yunifásítì àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì gún wọn fún ènìyàn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dúró de ìkéde. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìkéde máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó lè ti ọwọ́ Ààrẹ wá, ó lè kárí káúńtì 254, ṣùgbọ́n kò lè gbé ààrò jáde nínú yàrá. Ẹnìkan ni yóò bá a wọlé.

Ó wù mí kí n parí àròkọ yìí pẹ̀lú ìyìn fún àṣà tiwa. Àwọn òǹkàwé mi ti mọ bí a ti ń ṣe é: a óò sọ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, aládùúgbò ẹni ni ará ẹni, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ní òru Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí yìí, níbo ni jẹnẹrétọ̀ tèmi wà? Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé ilé kejì. Tọkọtaya kan àti ọmọ wọn ọwọ́ ń gbé ilé náà. Wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ọgbà tó ga ju ènìyàn lọ sì wà láàárín wa. N kò mọ orúkọ wọn. Gbogbo wa la sì ń gbọ́ lọ́dọọdún nípa àwọn ìdílé tí wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́ ní orílẹ̀-èdè wa nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà tó fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi ni èmi olùkọ́ àṣà ń fẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ lóru.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo pe oníṣẹ́ iná kan, a gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ìdí máńgòrò tó wà ní iwájú ilé, níbi tí ó jìnnà sí fèrèsé gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Ọkùnrin náà rò pé ẹjọ́ ni mo bá wá. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ bí àwọn yóò ṣe sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n àgbà ni mí, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí ó má lọ rí mi fín. Ojú tì mí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, kí Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀, òtútù líle mìíràn tún bo Amẹ́ríkà, ó sì dé Houston. Iná kò lọ káàkiri bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kíákíá. Mo gbọ́ ariwo ènìyàn àti rédíò tó ń sọ èdè Sípáníìṣì lẹ́yìn wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ óò—"

"Dókítà," ni wọ́n wí, ẹ̀rín ti padà sínú orúkọ náà, "bàbá ti wá kan ilẹ̀kùn láti àná. Má ṣe fún mi ní ìmọ̀ràn kankan. Ṣáà máa pè, kí o máa béèrè bóyá mo wà láàyè."